Douglas Engelbart: ọkùnrin tó fẹ́ kí ọ̀pọ̀ orí máa jọ ronú lórí kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì kan lónìí, ì báà jẹ́ ní Kùtọnù, ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Lomé, yóò rí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ fa nǹkan kékeré kan lórí tábìlì kí àmì lè máa rìn lójú kọ̀ǹpútà. Eku kọ̀ǹpútà là ń pe nǹkan náà. Ọkùnrin Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Douglas Engelbart ló dá a sílẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n eku yìí kọ́ ni iṣẹ́ tó fi ayé rẹ̀ ṣe. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún 25 títí tó fi dolóògbé, ohun kan ló ń lé: bí ọ̀pọ̀ èèyàn yóò ṣe lè jọ dojú kọ iṣẹ́ kan náà, kí ọgbọ́n wọn para pọ̀, kí ìṣòro tó bá ju agbára ẹnì kan lọ má bàa ju agbára gbogbo wọn lọ.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí Engelbart ti kú. A gbé ìtàn ayé rẹ̀ wá fún ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Pọ́bẹ̀, Sakété, Àjàṣẹ́ àti Atakpamé nítorí pé púpọ̀ nínú wa ló ń jẹ àǹfààní iṣẹ́ rẹ̀ láìmọ̀. Oníṣòwò tó ń fi iye ọjà ránṣẹ́ sí ẹnìkejì rẹ̀ lórí fóònù, tí àwọn méjèèjì jọ ń wo àkọsílẹ̀ kan náà láti ìlú méjì, ọ̀nà tí ọkùnrin yìí là ló ń tọ̀. Bí ó ṣe là á, àti bí àwọn èèyàn ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀ sórí ọ̀nà náà, ni a fẹ́ sọ.

Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú fi sílẹ̀ ní kékeré

Ọjọ́ 30, oṣù kìíní, ọdún 1925 ni wọ́n bí i ní ìlú Portland, ìpínlẹ̀ Oregon, ní apá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Òun ni ìkejì nínú ọmọ mẹ́ta tí àwọn òbí rẹ̀ bí. Iṣẹ́ rédíò ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ó ń tà á, ó sì ń tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe. Nígbà tí Douglas wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bàbá náà kú. Àkókò yẹn, iṣẹ́ kò sí, owó kò sí ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ìyá ló tọ́ àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dàgbà.

Ọdún 1942 ló parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ìpínlẹ̀ Oregon láti kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná. Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́ nígbà yẹn, kò pẹ́ tí wọ́n fi mú òun náà wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi. Iṣẹ́ rádà ni wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀. Rádà ni ẹ̀rọ tó máa ń rán ìgbì jáde sínú afẹ́fẹ́. Bí ìgbì náà bá lu ọkọ̀ òfurufú tàbí ọkọ̀ ojú omi, yóò padà wá, ẹ̀rọ yóò sì fi iná tíntín hàn lójú gíláàsì pé nǹkan wà níbi báyìí. Ẹ̀kọ́ yìí wúlò fún un ju bí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti rò lọ. Ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ẹ̀rọ lè ya ohun tó mọ̀ sójú gíláàsì, àti pé èèyàn lè fi ọwọ́ pa á láṣẹ.

Erékùṣù Philippines ni wọ́n rán an lọ. Ogun ti parí kó tó débẹ̀. Ní erékùṣù Leyte, ẹgbẹ́ Red Cross ṣí ilé ìkàwé kékeré kan fún àwọn ọmọ ogun, ahéré tí wọ́n gbé sókè lórí òpó ni. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ka ọ̀rọ̀ kan tí Vannevar Bush kọ ní ọdún 1945. Bush ni olórí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Amẹ́ríkà lákòókò ogun. Ohun tó kọ ni pé ìmọ̀ ọmọ aráyé ti pọ̀ jù, kò sẹ́ni tó lè rí ohun tó ń wá nínú rẹ̀ mọ́. Ó wá ṣàpèjúwe tábìlì ẹ̀rọ kan tí ẹnì kan yóò kó gbogbo ìwé rẹ̀ sí, tí yóò sì lè so gbólóhùn inú ìwé kan mọ́ gbólóhùn inú ìwé mìíràn, kó lè fa ọ̀kan kí èkejì tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó ti ṣe irú tábìlì bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Engelbart lára, kò sì kúrò níbẹ̀.

Ìpinnu tó ṣe kó tó gbéyàwó

Ó padà sílé ẹ̀kọ́, ó gboyè ní ọdún 1948, ó sì rí iṣẹ́ sí ibùdó Ames ní California, níbi tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń ṣe ìwádìí nípa ọkọ̀ òfurufú. Iṣẹ́ gidi ni, owó oṣù ń wọlé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1950, òun àti omidan kan tó ń jẹ́ Ballard Fish ṣe àdéhùn ìgbéyàwó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìyẹn ìbá tó fún. Òun ṣírò ayé rẹ̀ wò, ó rí i pé iṣẹ́ tí kò ní bọ́ lọ́wọ́ òun àti ilé tó tòrò ni gbogbo ohun tí òun ń wá, ọwọ́ òun sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ méjèèjì. Kí ló kù tí òun yóò fi ìyókù ọjọ́ òun ṣe?

Ó ronú lórí àìsàn, ebi, ogun àti àìmọ̀wé. Ibi tó parí èrò sí ni pé ìṣòro ayé ń pọ̀, ó ń díjú sí i, ó sì ń yára ju bí èèyàn ti ń rí ọgbọ́n tí wọ́n fi ń yanjú rẹ̀ lọ. Ẹnì kan kò lè dá ọ̀kankan nínú wọn yanjú. Nítorí náà, ẹni tó bá wá ọ̀nà tí àwọn èèyàn yóò fi lè jọ ronú dáadáa ti ran gbogbo ẹni tó ń bá ìṣòro jà lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ tó yàn nìyẹn. Ó rántí ojú rádà, ó sì rántí tábìlì Bush. Ó fi ojú inú rí ara rẹ̀ níwájú gíláàsì tí ọ̀rọ̀ àti àwòrán wà lórí rẹ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà sì jókòó síwájú tiwọn, tí gbogbo wọn jọ ń ṣe iṣẹ́ kan.

Kí ẹ lè mọ bí èrò náà ti jìnnà tó, ẹ jẹ́ ká rántí pé kọ̀ǹpútà ò tó nǹkan láyé ní ọdún 1950. Ìwọ̀nba tó wà tóbi tó yàrá kan, ìṣirò ni wọ́n sì fi ń ṣe. Kò sẹ́ni tó ń fi kọ lẹ́tà, áńbọ̀sìbọ́sí kí wọ́n fi ṣèpàdé.

Engelbart fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gba Yunifásítì California ní Berkeley lọ, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní ọdún 1955. Ó ṣe olùkọ́ díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kì í nílọ̀ pé bó bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí kiri, kò ní kúrò lójú kan. Ó kúrò fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1957, ó wọ ilé iṣẹ́ ìwádìí Stanford tí wọ́n ń pè ní SRI, ní ìlú Menlo Park. Ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un, ó sì ṣe é dáadáa tó fi jẹ́ pé ó gba ju ìwé ẹ̀rí ìjọba méjìlá lọ lórí àwọn ohun tuntun tó ṣe. Nígbà tí wọ́n ti fọkàn tán an ló tó mú èrò tirẹ̀ jáde.

Pẹ́ńsù tí wọ́n so mọ́ bíríkì

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1962, ó kọ ìjábọ̀ gígùn kan lórí bí a ṣe lè fi kún agbára ìrònú ọmọ èèyàn. Nínú rẹ̀ ni ó ti ròyìn ìdánwò kan tó yẹ ká sọ, nítorí kò sẹ́ni tí kò lè yé. Ó mú pẹ́ńsù, ó so ó mọ́ bíríkì, ó sì ní kí èèyàn fi kọ̀wé. Ó wo àkókò tó gbà, ó sì fi wé ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ti pẹ́ńsù lásán. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ti bíríkì ni yóò pẹ́ jù. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ká ní gbogbo pẹ́ńsù ayé ni ó wúwo bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé ìwé kíkọ yóò lọ́ra nìkan. Ta ni ìbá máa kọ gbèsè tí oníbàárà jẹ sílẹ̀? Ta ni ìbá kọ òfin, tàbí lẹ́tà sí ọmọ tó wà lájò? Bí irinṣẹ́ bá wúwo, èrò tí èèyàn lè rò pẹ̀lú rẹ̀ yóò dínkù. Bí irinṣẹ́ bá fúyẹ́, èrò tuntun yóò jáde tí kò sẹ́ni tó lè rò ó tẹ́lẹ̀.

Ó tún sọ ohun kan tí àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ sábà máa ń gbàgbé. Irinṣẹ́ nìkan kò tó. Èdè tí àwọn òṣìṣẹ́ jọ ń sọ, ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé àti ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà gbọ́dọ̀ bá irinṣẹ́ náà mu. Bí a bá gbé dùndún fún ẹni tí kò kọ́ ìlù, ariwo la ó gbọ́. Nítorí náà, kò gbà pé kí a kàn ra ẹ̀rọ fún ọ́fíìsì kí a sì máa retí ìyanu. Ẹ̀rọ àti àwọn tó ń lò ó ni yóò jọ máa yí padà.

J. C. R. Licklider, tó ń pín owó ìwádìí kọ̀ǹpútà ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ààbò Amẹ́ríkà, rí ìtumọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì gbé owó sílẹ̀. Robert Taylor náà ràn án lọ́wọ́ láti NASA. Báyìí ni Engelbart ṣe ní yàrá ìwádìí tirẹ̀ nínú SRI, tó sì kó àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ jọ.

Bí eku ṣe dé

Ìṣòro àkọ́kọ́ tó wà níwájú wọn ni bí èèyàn yóò ṣe máa tọ́ka sí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n gbìyànjú oríṣiríṣi: bíírò oníná, ọ̀pá kékeré, kódà wọ́n ṣe èyí tí orúnkún ń tì lábẹ́ tábìlì. Engelbart ya èrò tirẹ̀ sórí ìwé, ẹnjiníà Bill English sì gbẹ́ ẹ ní ọdún 1964. Àpótí igi kékeré ni, bọ́tìnnì kan wà lórí rẹ̀, táyà kéékèèké méjì wà nísàlẹ̀, ọ̀kan dá bùú èkejì. Bí ọwọ́ bá fà á, táyà kan yóò ka lílọ sókè sódò, èkejì yóò ka lílọ sọ́tùn-ún sósì. Wáyà tó jáde lára rẹ̀ dà bí ìrù, ni wọ́n bá ń pè é ní eku. Nígbà tí wọ́n fi gbogbo wọn dánra wò, eku ló yá jù, òun ló sì pé jù.

Ìjọba fún wọn ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní ọjọ́ 17, oṣù Kọkànlá, ọdún 1970, ṣùgbọ́n SRI ló ni ẹ̀tọ́ náà, kì í ṣe Engelbart. Nígbà tó yá, SRI gba nǹkan bíi 40,000 dọ́là lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Apple fún àṣẹ láti lò ó. Ọdún 1987 ni ẹ̀tọ́ náà parí, kí eku tó kárí ayé. Ọkùnrin tó ronú kàn án kò gba owó ìpín kankan lórí rẹ̀.

Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ní San Francisco

Eku kàn jẹ́ ọwọ́ ìlẹ̀kùn ni. Ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní NLS, tó lè gba èèyàn púpọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ 9, oṣù Kejìlá, ọdún 1968 ni Engelbart fi han gbogbo ayé, ní ìpàdé ńlá àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní San Francisco. Àwọn tó wà ní ìjókòó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan.

Kọ̀ǹpútà náà kò sí nínú gbọ̀ngàn. Ó wà ní Menlo Park, ní nǹkan bíi kìlómítà 48 sí ibẹ̀. Wọ́n gbé àwòrán gba afẹ́fẹ́ láti ibẹ̀ wá, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n yá lọ́wọ́ NASA tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sórí aṣọ ńlá níwájú àwùjọ. Bill English ló ń darí kámẹ́rà àti wáyà gbogbo. Bí ọ̀kan nínú wọn bá já, ojú yóò tì wọ́n níwájú gbogbo ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń fún wọn lówó sì lè ká ọwọ́ kúrò.

Kò sí èyí tó já. Engelbart jókòó, ó fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sétí, eku wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, pátákó kékeré oníbọ́tìnnì márùn-ún wà lọ́wọ́ òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí ìyàwó ní kó rà bọ̀ látọjà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lára wọn. Ó kọ wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wá sọ́kàn, lẹ́yìn náà ó ṣà wọ́n, ó kó irú wọn papọ̀ mọ́ irú, ó pa àwọn kan dé, ó ṣí àwọn kan sílẹ̀. Ó yà àwòrán ọ̀nà tí yóò gbà délé. Ó tẹ ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà sì gbé e lọ sínú ìwé mìíràn, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí.

Èyí tó ya àwùjọ lẹ́nu jù dé nígbà tí ojú Bill Paxton, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, yọ ní igun aṣọ náà. Menlo Park ni Paxton wà. Àwọn méjèèjì gbọ́ ohùn ara wọn, wọ́n jọ ń wo ìwé kan náà, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ bí ẹni tó jókòó ti ara wọn. Ní ọdún 1968, kò sẹ́ni nínú gbọ̀ngàn náà tó ti rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tó parí lẹ́yìn àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, gbogbo àwùjọ dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìlú àkọ́kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Kò tó ọdún kan lẹ́yìn náà, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í so kọ̀ǹpútà ìlú kan mọ́ ti ìlú mìíràn. Ibi méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n so pọ̀ ni yunifásítì UCLA ní Los Angeles àti yàrá ìwádìí Engelbart, ọ̀nà tó tó nǹkan bíi kìlómítà 500. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹwàá, ọdún 1969, àwọn ará Los Angeles fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Lẹ́tà méjì péré ló dé kí ẹ̀rọ tó dákú. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ìyókù wọlé. Ibẹ̀ ni ohun tí a mọ̀ sí íntánẹ́ẹ̀tì ti fìdí múlẹ̀.

Engelbart ló gbà pé kí ọ̀dọ̀ òun jẹ́ ibi tí gbogbo èèyàn yóò ti máa béèrè ohun tó wà lórí okùn tuntun yìí àti ẹni tó wà níbẹ̀. Ó gba obìnrin kan tó ń jẹ́ Elizabeth Feinler síṣẹ́ ní ọdún 1972 láti bójú tó o. Ẹgbẹ́ tí Feinler darí wà lára àwọn tó gbé orúkọ bíi .com àti .org kalẹ̀, tí a ń rí lẹ́yìn àdírẹ́sì orí íntánẹ́ẹ̀tì títí dòní.

Nínú yàrá ìwádìí náà fúnra rẹ̀, wọ́n ṣe ìwé àkọsílẹ̀ kan sórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá kọ èrò tàbí ìjábọ̀ yóò fi síbẹ̀, yóò gba nọ́ńbà, orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ yóò wà lórí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè pa á rẹ́ mọ́. Ẹlòmíràn lè fèsì, kó sì so èsì rẹ̀ mọ́ gbólóhùn tó ń dáhùn gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe àjọ tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni yóò yé jù. Ẹgbẹ́ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà níbi tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti lè rí i, tí kò sì sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ pa á lóru, ìjà rẹ̀ kì í pọ̀. Ohun tí Engelbart ń ṣe fún iṣẹ́ ọgbọ́n nìyẹn.

Nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń lọ

Kí ló wá dé tí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ fi di ẹni ìgbàgbé? Ìdí pọ̀ díẹ̀. Èkíní, ètò rẹ̀ le láti kọ́. Òun gbà pé bí iṣẹ́ bá ṣe iyebíye tó ni ó yẹ kí èèyàn fara dà ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó, bí ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Àwọn tó fẹ́ lò ó kò ní sùúrù yẹn. Èkejì, àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ti ń rí i pé kọ̀ǹpútà ń kéré sí i, ó ń dínwó sí i. Wọ́n fẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀. Engelbart ní tirẹ̀ ń wo kọ̀ǹpútà tí gbogbo ẹgbẹ́ yóò jọ lò. Ilé iṣẹ́ Xerox ṣí yàrá ìwádìí tuntun ní Palo Alto nítòsí wọn ní ọdún 1970, Bill English tó gbẹ́ eku wà lára àwọn tó kó lọ síbẹ̀. Ẹ̀kẹta, owó ìjọba gbẹ.

Ní ọdún 1977, SRI ta ètò náà fún ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Tymshare, Engelbart sì bá a lọ. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Augment, wọ́n sì ń tà á fún àwọn ọ́fíìsì. Ìwádìí tó jẹ́ ẹ̀mí rẹ̀ kò rí àyè tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1984, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú McDonnell Douglas ra Tymshare. Engelbart kúrò ní ọdún 1986.

Ọdún 1984 yẹn kan náà ni Apple gbé kọ̀ǹpútà Macintosh jáde pẹ̀lú eku lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbajúmọ̀ gidi. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: ayé gba eku, wọ́n fi ilé sílẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan jókòó síwájú ẹ̀rọ tirẹ̀, ó ń dá iṣẹ́ ṣe. Ohun tí Engelbart fi ọdún púpọ̀ lé, ìyẹn kí èèyàn púpọ̀ jọ ṣiṣẹ́ nínú ìwé kan, kò sí nínú páálí tí wọ́n ń tà.

Èrò náà kò kú ṣá. Ní ọdún 1984 kan náà, Irene Greif àti Paul Cashman kó àwọn onímọ̀ jọ láti jíròrò bí kọ̀ǹpútà ṣe lè ran àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ọdún 1986 ni wọ́n ṣe ìpàdé ńlá lórí rẹ̀ ní ìlú Austin, ní Texas. Ní ọdún 1989, ètò Lotus Notes jáde, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń pín ìwé àti ìfìwéránṣẹ́ láàárín òṣìṣẹ́. Ní ọdún 2006, Google gbé Google Docs jáde, tí èèyàn méjì tàbí mẹ́wàá lè jọ kọ ìwé kan lórí rẹ̀ láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí Engelbart àti Paxton ṣe ní San Francisco ní ọdún 1968 ti wá di ohun tí ọmọ ilé ìwé ń ṣe.

Ọlá tó pẹ́ kó tó dé

Ọkùnrin náà kò jókòó tẹtẹrẹ. Ní ọdún 1988, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ Christina dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ní ọ̀nà rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Logitech, tó ń ta eku kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, fún un ní ọ́fíìsì láìgbowó. Ẹ ò rí i pé ẹni tí eku sọ di ọlọ́rọ̀ ló wá fún ẹni tó ni eku ní ibi tí yóò jókòó sí.

Ọdún 1997 ni ọlá dé. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Lemelson-MIT, owó tó tó 500,000 dọ́là, wọ́n tún fún un ní ẹ̀bùn Turing, èyí tó ga jù lọ láàárín àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọdún yẹn náà ni Ballard ìyàwó rẹ̀ kú, ẹni tó ti wà pẹ̀lú rẹ̀ láti ọjọ́ ìpinnu yẹn, tó sì bí ọmọ mẹ́rin fún un. Ní ọdún 2000, Ààrẹ Bill Clinton fún un ní àmì ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ó fẹ́ ìyàwó mìíràn, Karen O'Leary, ní ọdún 2008. Ọjọ́ 2, oṣù Keje, ọdún 2013 ló kú sínú ilé rẹ̀ ní Atherton, California. Ọmọ ọdún 88 ni.

Nínú ẹ̀kọ́ tó fi sílẹ̀, a mú ọ̀kan tí yóò wúlò fún ẹgbẹ́ oníṣòwò àti àgbẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ẹgbẹ́ kankan pín sí mẹ́ta. Èkíní ni iṣẹ́ náà gan-an, bíi kí a gbin àgbàdo kí a sì tà á. Èkejì ni àtúnṣe iṣẹ́ náà, bíi kí a wá irúgbìn tó dára jù tàbí ọ̀nà tí ọjà kò fi ní bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ̀kẹta ni kí a tún ọ̀nà tí a ń gbà ṣàtúnṣe ṣe: báwo ni a ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́, báwo ni ohun tí ẹnì kan rí ṣe ń dé etí àwọn yòókù, kí sì ni ẹgbẹ́ tó wà ní ìlú kejì ti mọ̀ tí àwa kò mọ̀? Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í kọjá èkíní. Àwọn díẹ̀ dé èkejì. Ẹ̀kẹta ni ó gbà pé èrè wà jù, nítorí pé kò pọn dandan kí àwọn ẹgbẹ́ bá ara wọn du ọjà níbẹ̀. Wọ́n lè jọ ṣe é.

Àwọn baba wa mọ àárò àti ọ̀wẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dáyé. Wọ́n mọ̀ pé ọgbà tí ẹnì kan yóò fi oṣù kan ro, ogún ọkùnrin lè ro ó lóòjọ́. Ohun tí Engelbart ń wá ni bí àárò yóò ṣe wà fún ìrònú náà. Irinṣẹ́ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wa báyìí, nínú fóònù tí a ń gbé kiri ọjà. Ohun tó ṣì kù ni apá kejì ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn ìlànà àti ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní kí irinṣẹ́ náà tó so èso. Ìyẹn kò sí nínú fóònù kankan, àwa la ó ṣe é.